Omi Pisíìnì, Irun Aláró, àti Diplómù Ráfíátù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi ní àdúgbò Banikanni, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ irun dára láti kọ́, inú ń bí mi lónìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan kọjá níwájú ilé mi lánàá. Irun rẹ̀ tí wọ́n pa ní àwọ̀ wúrà ti di àwọ̀ ewé, ó sì le gbagidi bí ìgbálẹ̀. Mo pè é. Mo bi í bóyá ó lọ wẹ̀ nínú pisíìnì, ìyẹn adágún omi tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń kọ́ sí àgbàlá wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni. Mo bi í ohun tí kuafọ̀sì, ìyẹn aṣerunlóge, tó pa irun náà sọ fún un kó tó lọ. Ó ní kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó sì gbé irun aláwọ̀ ewé náà padà tọ̀ ọ́ lọ, onítọ̀hún ní omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ nílé wọn ni kò dára.

Irọ́ ni. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ṣe kuafọ̀sì ní Parakou yìí. Mo tètè mọ irọ́ náà nítorí pé èmi náà ti pa irú rẹ̀ rí, tèmi sì burú ju tiẹ̀ lọ. Màá sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìyá àgbà tó fi sùúrù di ọlọ́lá, kó wá a lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Ará Ṣábẹ̀ ni bàbá mi. Ó ń gbé ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú irin, òun ló sì mú mi lọ bá Ìyá Filibẹ́, obìnrin Kétu kan tó ní sálọ́ọ̀nù lẹ́bàá ọjà ńlá. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí bàbá mi san kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé obìnrin náà le. Odindi ọdún kan ni wọn kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòyà. Mo ń gbá irun nílẹ̀, mo ń fọ aṣọ ìnura, mo ń fọ orí oníbàárà. Bí omi bá kó sí oníbàárà létí, wọ́n á bu omi sí etí tèmi náà kí n lè mọ bó ṣe ń rí. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ẹ̀yìn òòyà onígi gbá mi ní oríkèé ọwọ́.

Nígbà yẹn, obìnrin tó ń pa irun ní aró mìíràn yàtọ̀ sí dúdú kò pọ̀ ní Parakou. Ìyàwó àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ níbí ni, àti díẹ̀ nínú àwọn obìnrin ńlá ìlú wa. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń lọ wẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá Filibẹ́ ṣe òfin fún gbogbo wọn pé ẹni tí wọ́n bá pa irun rẹ̀ láró kò gbọdọ̀ wọ pisíìnì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àti pé bí ọ̀sẹ̀ náà bá pé, kó kọ́kọ́ yà sí sálọ́ọ̀nù kó tó lọ. Bó bá ti dé, àwa ọmọ iṣẹ́ á da omi ẹ̀rọ tó mọ́ sí irun náà títí tí á fi rin gbingbin. A ó yọ́ òrí lọ́wọ́, a ó fi pa á láti ṣóńṣó irun wá sókè. A ó kó o jọ, a ó fi fìlà rọ́bà dé e. Bí ó bá sì jáde nínú omi, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn gbẹ irun náà. Lójú ẹsẹ̀ ni kó fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ó ku ọ̀kan. Ìyá Filibẹ́ máa ń rán wa pẹ̀lú ìgò lọ bu omi pisíìnì wá láti òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á gé irun díẹ̀ ní ìpàkọ́ oníbàárà náà, wọ́n á rì í sínú ìgò, wọ́n á gbé e sí ojú fèrèsé di ọjọ́ kejì. Bí àwọ̀ irun náà bá yí padà, wọ́n á sọ fún obìnrin náà pé kò gbọdọ̀ ri orí bọ omi rárá. Àwọn sálọ́ọ̀nù yòókù máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa là ń gbé omi òtẹ́ẹ̀lì kiri bí ẹni ń gbé omi mímu.

Mo bi Ìyá Filibẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí nìdí tí a fi ń da omi sí irun tó ń lọ sínú omi. Òòyà dé oríkèé ọwọ́ mi kí n tó pa ẹnu dé. Wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ ni mo ń kọ́ níṣẹ́, n kò kọ́ ẹnu rẹ." Mo mọ bí a ṣe ń ṣe é, n kò sì mọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Wọ́n ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú sí wọn. Ká ní wọ́n kọ́ mi ní ìdí rẹ̀ ni, n kì bá tí fi ọwọ́ yẹpẹrẹ jù ú nù.

Nígbà tí ọdún mi pé, wọ́n ṣe liberasíọ̀n fún mi, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn, wọ́n da àtíkè sí mi lórí, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì àti òòyà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ka diplómù mi, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, sétí gbogbo ènìyàn. Ìyá mi jó títí bàtà rẹ̀ fi já. Ẹ fi ọkàn sí ibí yìí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Bí ọwọ́ rẹ ṣe lè mọ iṣẹ́ tó, kò sí ẹni tó máa pè ọ́ ní kuafọ̀sì nílẹ̀ wa kí ọjọ́ yẹn tó dé. Bí o bá ṣí sálọ́ọ̀nù láìní ìwé náà, ẹgbẹ́ àwa kuafọ̀sì á wá tì í. Bí o bá sì kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ láìjẹ́ pé ó tú ọ sílẹ̀, ọ̀gá mìíràn kò ní gbà ọ́. Gbogbo agbára wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó sórí àga.

Mo ṣí sálọ́ọ̀nù tèmi ní àdúgbò Ladjifarani. Òòyà irin tí à ń gbé sórí ẹ̀yinná ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, kásíkì oníná tí wọ́n ń ki orí bọ̀ kí irun lè gbẹ dé, iná mànàmáná á sì lọ nígbà tí orí oníbàárà ṣì wà nínú rẹ̀, a ó máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀tù tó ń bó àwọ̀ irun dé ní yanturu. Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọge fi ń fẹ́ irun wúrà, irun pupa, irun aláwọ̀ oyin. Òtẹ́ẹ̀lì tó ní pisíìnì náà ń pọ̀ sí i. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n di òfin Ìyá Filibẹ́ mú, ìgbà yẹn ni mo sì jù ú sílẹ̀. Àwọn oníbàárà ní òrí ń rùn, wọ́n ní ará oko ló ń fi òrí para. Mo ra ìpara inú ìgò tó ń ta sánsán, mo tò ó síwájú dígí, mo sì pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ pisíìnì.

Ráfíátù dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ará àdúgbò Albarika ni, ọmọ àwọn Yorùbá mùsùlùmí tó ti ń ṣòwò ní Parakou láti ayé bàbá bàbá wọn. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà ló mú un wá, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó dàgbà jù mí lọ. Ọwọ́ ọmọ náà yá, ojú rẹ̀ mú. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí lára rẹ̀ nígbà náà ni pé kò sí ohun tí kì í béèrè ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ń fi òfin Ìyá Filibẹ́ dá àwọn oníbàárà lára yá, bí a ṣe ń gbé ìgò omi kiri àárín ìlú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ráfíátù kò rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìgò omi pisíìnì kan wá sí sálọ́ọ̀nù. Ó ti lọ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú omi náà ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ti bi í ní gbogbo ìbéèrè tí èmi kò rójú bi. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún un pé oògùn tí wọ́n ń pè ní kulọ́ọ̀ ni wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, ṣùgbọ́n kulọ́ọ̀ náà ló ń bó ọ̀rá ara irun, tó sì ń jẹ aró. Wọ́n tún ń da oògùn mìíràn sí i kí omi má baà hu ewédò, bàbà wà nínú ìyẹn, irú bàbà tó wà nínú wáyà iná. Irun tí a ti bó àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, bàbà á wọ inú rẹ̀, á sì di àwọ̀ ewé. Irun tó bá ti mu omi tó mọ́ yó, tí òrí sì bò ó lára, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè mu omi oògùn.

Ráfíátù ti ri ìdì irun wúrà méjì láti inú pàǹtí ilẹ̀ sínú omi náà. Ó ri ọ̀kan ní gbígbẹ. Ó ti fi omi àti òrí tọ́jú èkejì. Ọjọ́ kejì ó gbé àwọn méjèèjì sínú àwo funfun síwájú mi, àkọ́kọ́ ti di àwọ̀ ewé, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bó ṣe wà. Ọgbọ̀n ọdún ni n kò fi mọ ìdí yẹn, ọmọ iṣẹ́ mi sì gbé e fún mi lórí àwo. Ó yẹ kí n dì mọ́ ọn. Ńṣe ni ojú mi pọ́n, nítorí pé oníbàárà mẹ́ta wà nínú ilé, tí ọmọ kékeré ń kọ́ mi níṣẹ́ lójú wọn. Mo da irun náà sínú pàǹtí, mo sì bi í léèrè ta ni ọ̀gá nínú èmi àti òun.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí liberasíọ̀n Ráfíátù ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ìyá rẹ̀ ti rán aṣọ, tó sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí, Rosalí wọlé. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà ni, ọmọ oníbàárà mi àtijọ́, bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ó fẹ́ irun wúrà fún ìgbéyàwó. Ráfíátù po ẹ̀tù, mo fi í sí irun, ó jáde dáadáa, Rosalí ń yí orí níwájú dígí. Ó wá ní àwọn ọ̀rẹ́ òun máa mú òun lọ wẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n lè ya fọ́tò nínú omi.

Ráfíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ omi yẹn fún wọn."

Mo ní kó lọ sá aṣọ ìnura. Ẹ fẹ́ mọ ìdí? Mo ti fọ́nnu fún ìyá Rosalí pé aró mi yìí, kò sí ohun tó lè mú un. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ó bá gbọ́ pé omi lè bà á jẹ́, á gbé orí ọmọ rẹ̀ lọ sí sálọ́ọ̀nù mìíràn. Kò sí ìdí mìíràn.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá Rosalí ṣáájú, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìborùn lórí. Nígbà tó tú u, iwájú orí ti di àwọ̀ ewé láti etí dé etí. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń fà bíi rọ́bà, ó sì ń já sí mi lọ́wọ́. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ márùn-ún. Ilé kún. Ìyá náà kò pariwo, ó kàn bi mí pé ta ló ṣe irú èyí fún ọmọ òun.

Mo mọ ẹni tó ṣe é. Ẹnu mi sì sọ pé, "Ọmọ iṣẹ́ mi ló po oògùn náà."

Ráfíátù ló pò ó lóòótọ́, ó sì pò ó bó ṣe yẹ. Ìdajì òótọ́ tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ kó rọrùn fún mi láti sọ. Ìyá Rosalí ní ṣé ẹni tí mo fẹ́ tú sílẹ̀ nìyẹn. Mo ní rárá, á ṣe ọdún kan sí i. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ata lọ́jà.

Ráfíátù kúnlẹ̀ síwájú Rosalí, ó bi í bóyá ó fọ irun náà nígbà tó jáde nínú omi. Rosalí ní òun kò fọ̀ ọ́, òun sùn mọ́jú pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ráfíátù fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi rẹ irun náà, ó fọ̀ ọ́, ó fi òrí pa á, ó fi aṣọ ìnura gbígbóná wé e. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí oòrùn fi máa yẹ àtàrí, àwọ̀ ewé náà ti ṣí lọ púpọ̀. Èyí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ó gé e, ó sì fún Rosalí ní irun kúkúrú tó mọ níwọ̀n etí, tó sì bá ojú rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn ènìyàn ń béèrè ẹni tó gé e. Wọ́n ń dárúkọ mi. Mo sì ń dáhùn pé ẹ ṣeun.

Gbólóhùn kan péré ni mo nílò láti tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò sọ ọ́. Bí mo bá dá liberasíọ̀n rẹ̀ padà sí ọjọ́ tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á bi mí ìdí, irọ́ mi á sì tú. Ìyá Ráfíátù wá bẹ̀ mí, àwọn àgbà méjì láti àdúgbò wọn tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ó fi eékún méjèèjì lélẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì sálọ́ọ̀nù mi.

Ó ní, "Ẹ dákun, ìyá. Bí ọmọ mi bá ṣẹ̀ yín, èmi ni kẹ́ ẹ fi jì. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ọjọ́ tí ẹ máa tú u sílẹ̀."

Mo jókòó. Obìnrin tó dàgbà jù mí lọ kúnlẹ̀ níwájú mi, mo jókòó, mo ní ọdún kan kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Ráfíátù wọlé láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Màmá mi, ẹ dìde." Ó wá kọjú sí mi. "Pàtírọ́nù, ẹ mọ̀." Pàtírọ́nù, ìyẹn ọ̀gá, ló pè mí, kì í ṣe Màmá mọ́. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àga, ó di ìyá rẹ̀ lápá mú, wọ́n lọ. Ọdún mẹ́ta rẹ̀ lọ lásán báyẹn.

Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún méje sí i. Mo gbé òrí padà sí iwájú dígí. Kò sí orí aláró tó jáde lọ́dọ̀ mi láìgbọ́ ọ̀rọ̀ omi tó mọ́, òrí, fìlà àti fífọ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì ń sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Mo tú márùn-ún sílẹ̀ nínú wọn. Nígbàkigbà tí mo bá ń da àtíkè sí wọn lórí, ojú mi máa ń le koko, àwọn ọmọ náà á rò pé àwọn ni mo ń bínú sí.

Mo fẹ̀yìn tì ní ọdún méjì sẹ́yìn nígbà tí oògùn ti jẹ ìka mi. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo tó kọ diplómù Ráfíátù, tí mo ní kí ẹgbẹ́ lu òǹtẹ̀ sí i. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìyá Rosalí, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó wò mí títí, ó ní òun kò rò pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì fi omi lọ̀ mí. Mo gun sẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, lọ sí Albarika. Àwọn ará ilé ibẹ̀ sọ pé òtẹ́ẹ̀lì kan ni Ráfíátù ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀bá pisíìnì ni mo ti rí i, lábẹ́ igi. Aṣọ ìnura ni wọ́n gbà á láti máa tọ́jú. Ṣùgbọ́n ó ní korobá omi tó mọ́ àti igbá òrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń tọ́jú irun àwọn obìnrin kí wọ́n tó wọ omi. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, òun ló fẹ́ kìlọ̀, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó fọwọ́ pa òǹtẹ̀ náà.

Ó ní, "Màmá mi ló fẹ́ rí i. Ọdún tó kọjá la sin wọ́n."

Ó rọra fi ìwé náà sí mi lọ́wọ́ padà. Obìnrin onírun wúrà kan ti jókòó ń dúró dè é. Ó bu omi, ó dà á sí i lórí, mo sì gbọ́ bó ṣe ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un.

Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Iṣẹ́ irun dára, ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ìyá yín tó fi yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, kó bi ọ̀gá náà pé ọjọ́ wo ló sọ fún oníbàárà gbẹ̀yìn pé, "Èmi ni mo ṣàṣìṣe." Bí kò bá rí ọjọ́ kan dárúkọ, kí ó mú ọmọ rẹ̀ padà sílé. Ká ní ìyá Ráfíátù bi mí ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ tó mú un wá, mi ò bá tí rí ọjọ́ kankan dárúkọ.